Wọ́n tẹ ọmọ mi bọmi nínú ọpọ́n ẹṣin ní Texas! Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìyá Onítẹ̀bọmi ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti wà nínú WMU, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wa. Àbígbẹ̀yìn mi wà ní Texas, ọkọ̀ ńlá ló ń wà, ó máa ń kó oúnjẹ ẹran lọ sóko àwọn ọlọ́sìn màlúù. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń sọ pé òun ò ráyè lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àfi bó ṣe fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú pápá ẹṣin ni wọ́n wà, eruku ń sọ lálá, pásítọ̀ wọn wọ jíìnsì àti bóòtù, àkẹtẹ̀ gbàgàdà lórí ẹ̀, àwọn ọkùnrin yòókù náà ò ṣí àkẹtẹ̀. Wọ́n wá gbé ọmọ mi sínú ọpọ́n irin tí ẹṣin fi ń mumi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọmi níbẹ̀, àwọn èèyàn ń súfèé! Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ́bọ́ì ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ẹgbẹ́ awo? Ṣé ìtẹ̀bọmi yẹn jẹ́, àbí kó wá tún un ṣe nílé? Bàbá ẹ̀ ò tíì gbọ́ o.
— *Ìyá Onítẹ̀bọmi, Ògbómọ̀ṣọ́*

ÌDÁHÙN: Màmá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Kì í ṣe ẹgbẹ́ awo rárá. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, Bíbélì kan náà tẹ́ ẹ̀ ń kà ni wọ́n ń kà, púpọ̀ nínú wọn ní Texas sì jẹ́ Onítẹ̀bọmi bíi tiyín gan-an, àkẹtẹ̀ yẹn ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ dá wọn mọ̀.

Ká ti ibi omi bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ká yín lára jù. Ohun tí ìjọ yín ń béèrè ni pé kẹ́ni náà ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, kí omi sì bò ó mọ́lẹ̀ pátá lórúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kó jẹ́ adágún oní-táìlì, odò ṣáà làwọn bàbá wa ń lọ. Ọpọ́n irin yẹn ò jìn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ní kéèyàn kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀ tòun ti jíìnsì nídìí, ẹni méjì á wá di ejìká ẹ̀ mú, wọ́n á dá a sẹ́yìn pẹ̀lẹ́ títí omi á fi bo imú, kí wọ́n tó fà á dìde, gbogbo èèyàn á wá pariwo. Súfèé yẹn ni hálẹ̀lúyà tiwọn jàre. Tọ́mọ yín bá ti gbàgbọ́, tómi sì bò ó, ó jẹ́. Ẹ má ní kó wá tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kọ́bọ́ì, ìyẹn àwọn tó ń da màlúù, ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Láyé àtijọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Texas, ilé kan sí èkejì jìnnà gan-an, oníwàásù tó bá fẹ́ rí àwọn ọlọ́sìn ló gbọ́dọ̀ wá wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni W. B. Bloys, ará Presbyterian, tó kó wọn jọ sábẹ́ igi nítòsí Fort Davis lọ́dún 1890, àpótí tí wọ́n fi ń kó kọfí ló fi ṣe pèpéle ìwàásù, wọ́n sì ṣì ń ṣe ìpàdé yẹn lọ́dọọdún dòní. Presbyterian, Baptist, Methodist àti Disciples of Christ ló jọ ń ṣe é láìjà, ẹ bá mi wá irú ẹ̀ ládùúgbò yín.

Àmọ́ èyí tọ́mọ yín lọ yẹn, inú ródíò ló ti wá. Ródíò ni ìdíje tí wọ́n fi ń gun akọ màlúù tínú ń bí, tí wọ́n tún ń ju okùn mú ọmọ màlúù látorí ẹṣin, Sátidé àti Sọ́ńdè ló sì máa ń gbóná jù, ẹni tó ń fi ródíò jẹun ò lè sí ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sọ́ńdè àyàfi tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wá bá a ní pápá. Láti bí àwọn ọdún 1970 làwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Jeff Copenhaver, tó gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́dún 1975 nínú okùn jíjù, bẹ̀rẹ̀ ìsìn lọ́dún 1986 ní Billy Bob's, ilé ọtí àti ijó ńlá kan ní Fort Worth. Bẹ́ẹ̀ ni màmá, ilé ọtí. Ní 1990, Joanne Cash, àbúrò Johnny Cash olórin, àti ọkọ ẹ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní Nashville. Ibi tí nǹkan wá ti gbilẹ̀ gan-an ni Waxahachie, ìlú kan ní gúúsù Dallas, níbi tí Ron Nolen tó jẹ́ ará Onítẹ̀bọmi Texas àti pásítọ̀ Gary Morgan ti bẹ̀rẹ̀ Cowboy Church of Ellis County lọ́dún 2000, ìjọ yẹn dàgbà kọjá 1,000 èèyàn, àwọn tó kù sì ń wò ó ṣe tiwọn.

Ohun tí wọ́n ṣe ò le. Wọ́n kàn bi ara wọn pé kí ló ń lé ọkùnrin tó ń fi màlúù ṣiṣẹ́ sẹ́yìn, kì í ṣe Jésù ló ń lé e, aṣọ ni, owó ni, ìtìjú ni. Nítorí náà kò séyìí tó ń jẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìgbẹ́ ẹṣin bá wà lábẹ́ bàtà ẹ ò sẹ́ni tó máa wò ẹ́. Àkẹtẹ̀ yẹn pàápàá, wọ́n máa ń ṣí i tí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ wo fídíò yẹn dópin. Orin ibẹ̀ dà bí orin kọ́ńtìrì, gìtá àti fáólìn. Púpọ̀ nínú wọn kì í gbé igbá ọrẹ káàkiri, bóòtù àtijọ́ kan tàbí korobá ni wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà, tó bá wù ẹ́ kó o ju nǹkan sí i, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ ẹ, kò sì sí pé ẹni tó fẹ́ fún Olúwa ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là kó dìde dúró (ẹ má bínú, mi ò pe orúkọ ìjọ kankan). Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ náà ni pásítọ̀ kì í ti í ní kéèyàn jáde síwájú gbogbo ìjọ, torí ọkùnrin tó lè jókòó lórí akọ màlúù tó ń ta kìtì, ẹ̀rù àtirìn lọ síwájú èrò ń bà á. Káàdì ló máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí tàbí kó lọ bá pásítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹṣin. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ́n á ṣí pápá fún ìdíje okùn àti eré ẹṣin àwọn ọmọdé, ibẹ̀ lẹlòmíì ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n kó tó gbọ́ ìwàásù kankan.

Nǹkan míì wà tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Thomas Jefferson Bowen tó mú Onítẹ̀bọmi dé ilẹ̀ Yorùbá lọ́dún 1850, tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sọ yunifásítì tó wà ní Ìwó, sójà ni kó tó di oníwàásù, ó sì jagun ní Texas. Ẹ sọ ìyẹn fún bàbá ẹ̀ tó bá ń fajú ro.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀ ló dáa o. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ kan màlúù rí láyé wọn, ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, àkẹtẹ̀ ni wọ́n kàn fẹ́ dé. Ìjọ tí wọ́n sì kọ́ fún irú èèyàn kan ṣoṣo lè di ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ láìpẹ́, tí ẹni tí ò jọ wọ́n ò ní rí ibi jókòó. Ohun tí màá fẹ́ kẹ́ ẹ bi ọmọ yín nìyí, ṣé ẹnì kan níbẹ̀ mọ ilé ẹ̀, ṣé wọ́n máa pè é tí ò bá wá, ṣé wọ́n ń ka Bíbélì láti orí dé orí àbí ìtàn ẹṣin lásán ni. Tó bá dáhùn dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ kó máa gẹṣin ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹran pọ̀ lágbègbè wa, àwọn Fúlàní darandaran náà ò lóǹkà. Ṣé kí n rán aṣọ darandaran fáwọn ọ̀dọ́ ìjọ mi ká bẹ̀rẹ̀ irú ṣọ́ọ̀ṣì yìí níbí?
— *Pásítọ̀ ọ̀dọ́, Ṣakí*

ÌDÁHÙN: Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán nǹkan kan. Àwọn kọ́bọ́ì Texas, ilé tí Bíbélì wà ni ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà, ìṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló lé wọn jáde. Mùsùlùmí lọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Fúlàní, wọ́n ní ẹ̀sìn tiwọn, tẹ́ ẹ bá wá wọ aṣọ wọn tẹ́ ẹ fọ̀pá kọ́rùn lọ bá wọn, wọ́n á ní ẹ̀ ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ò sì ní parọ́. Èyí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣiṣẹ́ torí pé ẹni tó ń wàásù náà ń ju okùn, eruku tiẹ̀ wà lára bóòtù ẹ̀. Ẹ wo inú ìjọ yín ná, àwọn mẹkáníìkì, alápatà àti dírẹ́bà tẹ́ ẹ ò rí mọ́, ta lẹ ní tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn? Ẹ jẹ́ kó kó wọn jọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lálẹ́ Mọ́ńdè tòun ti aṣọ elépo lọ́rùn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kọ́bọ́ì kan náà kì í ṣe Sọ́ńdè ni wọ́n ń pàdé, àárín ọ̀sẹ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Houston ni mo wà, ó ń wù mí kí n lọ wò ó. Ṣé wọ́n ń gba aláwọ̀ dúdú? Kí ni kí n wọ̀?
— *Sísí Houston*

ÌDÁHÙN: Òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé àlejò ni yín nínú ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ì. Àwọn onítàn sọ pé lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, nínú kọ́bọ́ì mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ dúdú, Bill Pickett tí wọ́n bí ní Texas lọ́dún 1870 ló sì dá ìdíje kan sílẹ̀ nípa bíbẹ́ látorí ẹṣin sára màlúù, tó máa wá fi eyín bu ètè ẹ̀ mú láti gbé e ṣubú. Ní Houston yín níbẹ̀, láti 1957 làwọn aláwọ̀ dúdú Prairie View, ìlú kan nítòsí yín, ti ń gẹṣin wọ̀lú wá síbi ródíò, ẹ lè bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn. Ní ti aṣọ, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ fi gíga sílẹ̀ nílé torí yẹ̀pẹ̀ pápá á gbé e mì. Gèlè ò burú, àkẹtẹ̀ tẹni tó máa jókòó síwájú yín ò ní kéré sí i.