Michigan àti Ohio State: kí lẹ máa wò kí ẹ tó sọ ẹni tó máa borí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń kàwé ní Ohio State, nílùú Columbus. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Michigan, ní Ann Arbor. Bí Oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, ariwo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tiwọn ló máa ń gba orí WhatsApp ẹbí wa kan. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni èmi gbọ́, àmọ́ mo ti mọ òfin tiwọn náà díẹ̀díẹ̀. Ní 2024, ọmọ mi ní àwọn máa fọ́ Michigan ni, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti nà wọ́n lọ́dún yẹn, àwọn ikọ̀ mìíràn sì ti na Michigan lẹ́ẹ̀marùn-ún. Michigan ló borí. Kí gan-an lèèyàn ń wò níbi eré yìí? Ìyá Fẹ́mi, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Iye ìgbà tí wọ́n borí ló tan ọmọ yín jẹ, Mà, òun nìkan kọ́ ló sì jìn sí kòtò yẹn. Ṣáájú eré náà, àwọn onítẹ́tẹ́ pàápàá ní Ohio State máa fi nǹkan bí pọ́ìǹtì 20 borí. 13 sí 10 ni Michigan fi nà wọ́n, nínú pápá tiwọn fúnra wọn.

Ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni iwájú, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń gbéra: ta ló ń rí ọ̀nà gbé bọ́ọ̀lù sáré? Ní 2021, Michigan fi ẹsẹ̀ sá yáàdì 297, Ohio State sá 64. Michigan borí pẹ̀lú 42 sí 27. Ní 2022, ó jẹ́ 252 sí 143. Ní 2023, 156 sí 107. Ní 2024, 172 sí 77. Michigan ló borí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí Ohio State wá borí ní 2025 pẹ̀lú 27 sí 9, àwọn náà ni wọ́n sáré jù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣọ́ra díẹ̀ ṣá o: ẹni tó bá ti ń borí á máa gbé bọ́ọ̀lù sáré kí àkókò lè tètè tán, yáàdì rẹ̀ á sì máa ga sí i. Ìdí nìyẹn tí ìlàjì àkọ́kọ́ fi máa ń sọ òótọ́ ju àpapọ̀ lọ.

Ohun kan tún wà nínú òǹkà wọn tó máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Ní bọ́ọ̀lù yunifásítì, bí wọ́n bá gbá quarterback (ẹni tó ń darí eré, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) mọ́lẹ̀ kó tó jù ú, inú yáàdì eré sísá ni wọ́n ti ń yọ yáàdì tó pàdánù. Ní NFL, ìdíje àwọn tó ń gbá a jẹun, inú ti jíjù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Torí náà, ẹ yọ ọ́ kúrò fúnra yín. Ká ní ikọ̀ kan sáré ní ẹ̀ẹ̀mejìdínlógójì, wọ́n kọ yáàdì 150 sílẹ̀ fún wọn, àmọ́ wọ́n gbá quarterback wọn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì pàdánù yáàdì 30. 150 ká 38 jẹ́ 3.9, èyí tí kò dùn ún gbọ́. Ẹ dá 30 yẹn padà kó di 180, kí ẹ yọ ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn kúrò kó ku 34: yáàdì 5.3 ni wọ́n ń rí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sáré. Ìyẹn ni pé àwọn márùn-ún tó wà níwájú mọ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà. Dídáàbò bo quarterback ni wọn ò mọ̀. Àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Eré Big Ten, ìyẹn ìdíje tí Michigan àti Ohio State jọ wà, nìkan ni kí ẹ lò fún ìṣirò yìí. Lóṣù Kẹsàn-án, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá máa ń sanwó fún àwọn kéékèèké pé kí wọ́n wá bá àwọn gbá, pọ́ìǹtì 50 tí wọ́n bá sì jẹ níbẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún yín. Big Ten ti di ikọ̀ 18 láti 2024, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń bá ara wọn gbá nínú ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àwọn kan náà ni Michigan àti Ohio State ń pàdé. Ẹ ṣa àwọn tí àwọn méjèèjì jọ pàdé sọ́tọ̀. Yáàdì gbogbo ni kí ẹ fi iye ìgbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sáré tàbí tí wọ́n jù ú pín, ẹ má wo pọ́ìǹtì. Bí ẹnì kan bá sì ti fi pọ́ìǹtì 25 ṣáájú, ẹ gbàgbé ìdá kẹrin eré náà, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló ń gbá a.

Àmọ́ o, òǹkà àpapọ̀ lè bo ihò mọ́lẹ̀. Ní 2022, Blake Corum tó ń sáré fún Michigan ti ṣe léṣe lórúnkún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbé bọ́ọ̀lù. Ohio State sì kó àwọn ẹ̀yìn wọn wá síwájú láti dí ọ̀nà eré sísá. Ta ló wá kù lẹ́yìn? Cornelius Johnson gba bọ́ọ̀lù tó di touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò) yáàdì 69, ó tún gba òmíràn tó jẹ́ 75. Nígbà tó di ìdá kẹrin, Donovan Edwards sá 75, ó tún sá 85. Yáàdì gbogbo ò jìnnà síra, 530 sí 492, síbẹ̀ 45 sí 23 ni. Nítorí náà ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí alátakò gba yáàdì 20 sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó ṣe léṣe ńkọ́? Ìràwọ̀ tó ń gba bọ́ọ̀lù létí pápá ni gbogbo ayé ń béèrè. Center àti left tackle, ẹni tó ń dáàbò bo quarterback lápá òsì, lèmi máa kọ́kọ́ béèrè. Center ló ń fi bọ́ọ̀lù lé quarterback lọ́wọ́, òun ló sì ń ké sí àwọn mẹ́rin yòókù nípa ẹni tí kálukú máa dí. Ohio State ò ní center tirẹ̀, Seth McLaughlin, ní 2024, kò sì ní Josh Simmons tó jẹ́ left tackle. Mason Graham àti Kenneth Grant ti Michigan ló dúró dè wọ́n níwájú. Síbẹ̀, àárín ibẹ̀ gan-an ni Ohio State ń sáré sí léraléra, pẹ̀lú Jeremiah Smith, ìràwọ̀ wọn tó ń gba bọ́ọ̀lù, tó wà létí pápá. Orí kunkun ni mo pe ìyẹn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Ohio State gbá field goal (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá sáàárín òpó fún pọ́ìǹtì 3) méjì dànù, kò sí èyí tó tó yáàdì 40, pọ́ìǹtì 3 ló sì wà láàárín wọn. Ẹ wo àkọsílẹ̀ agbábọ́ọ̀lù-sókè wọn láàárín yáàdì 30 sí 45, kí ẹ sì wo bí atẹ́gùn ṣe máa fẹ́. Bí yìnyín bá pọ̀, ohun gbogbo á dàrú: ní 1950, Michigan ò rí first down (yáàdì 10 láàárín ìgbìyànjú mẹ́rin) kan ṣoṣo, ó sì borí pẹ̀lú 9 sí 3, torí bọ́ọ̀lù tí wọ́n dí mọ́ Ohio State lẹ́sẹ̀.

Pápá ilé ò tó nǹkan tí wọ́n ń fi í pè. Láàárín 2021 sí 2025, àlejò ló borí nínú mẹ́ta. Ìtàn láti 1897 dára fún yẹ̀yẹ́ orí WhatsApp, kò wúlò fún àfọ̀ṣẹ, pàápàá báyìí tí àwọn ọmọ ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn lọ́dọọdún.

Big Ten máa ń gbé orúkọ àwọn tí kò ní lè gbá jáde ní wákàtí méjì ṣáájú eré. Ọ̀sán gangan ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìyẹn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Ìbàdàn, nítorí náà aago mẹ́rin ni kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí orúkọ center níbẹ̀, ẹ tètè pe ọmọ yín, torí bó bá ti di aago mẹ́fà, kò ní gbé fóònù.