Owó kọ́ ló lé àwọn dókítà yín lọ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ìjọ kan ní Òkè-Ògùn. Láàárín ọdún méjì, dókítà mẹ́ta la ti gbà, kò sì sí èyí tó lo oṣù mẹ́fà nínú wọn. A fẹ́ fi kún owó oṣù. Èló ló yẹ ká fi kún un kí ẹni tó ń bọ̀ má baà tún lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, akọ̀wé wa. Ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi lọ́pọ̀ ìgbà, orí owó sì ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. N kò ní dá iye kankan fún yín. Ẹ ò sọ ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ nígbà tí wọ́n ń lọ. Ṣé ẹ tiẹ̀ bi wọ́n?

Owó ṣe pàtàkì. Ẹni tí ẹ bá jẹ ní owó oṣù méjì kò ní dúró gbọ́ àdúrà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí owó nìkan wá, ọjọ́ tí Èkó tàbí Sáúdí bá pè é ló ń lọ, ẹ ò sì lè bá Sáúdí náwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn jáde lórí bí dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn yóò ṣe máa dúró ní ìgbèríko ní 2010, wọ́n tún un ṣe ní 2021. Owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tó dára, ìrànlọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ àti àǹfààní láti máa kẹ́kọ̀ọ́ sí i wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ní ká so wọ́n pọ̀ ni.

Ohun tí mo fura sí ni pé ẹ̀yin tí ẹ ń gba dókítà kò fẹnu kò. Mo rí irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Alága sọ fún ọ̀dọ́ dókítà kan pé òru kan nínú mẹ́ta ni yóò máa gba kọ́ọ̀lù, ìyẹn ni pé kó wà ní sẹpẹ́ tí wọ́n bá pè é lóru. Mátírọ́ọ̀nù mọ̀ pé kò sí dókítà kejì, ẹnikẹ́ni kò bi í. Akápò kò gbọ́ nǹkan kan nípa ilé tí wọ́n ṣèlérí. Ní òru kẹrin, wọ́n gbé aboyún kan dé, ọmọ kò rí ọ̀nà jáde. Dókítà ní kí wọ́n múra iṣẹ́ abẹ. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé nọ́ọ̀sì tó ń kun aláìsàn lóorun, ìlú mìíràn ló ń gbé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì nìkan ló ń wá. Mọ́tò ni wọ́n fi sáré gbé obìnrin náà lọ sí ìlú ńlá. Ọlọ́run ṣàánú, tìyá tọmọ yè. Dókítà kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù tó parí, owó rẹ̀ kò sì dín ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kéde rárá, ẹ kó alága, mátírọ́ọ̀nù, akápò, apoògùn àti ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jókòó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: òru mélòó ni kọ́ọ̀lù, ta ni yóò gba ipò rẹ̀ tó bá fẹ́ sinmi, iṣẹ́ abẹ wo lẹ lè ṣe, ibo lẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ọjọ́ wo lowó ń wọlé. Ohun tí ẹ ò bá fẹnu kò lé lórí, ẹ má ṣèlérí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà àti ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá sùn níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì, kí dókítà náà àti àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láìsí alága ńtòsí. Ẹ má fojú tín-ín-rín wo àwọn nọ́ọ̀sì o. Ilé ìtọ́jú ọmọdé tí Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950, àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e ró.

Ẹ yẹ ìwé àṣẹ ọdọọdún dókítà náà wò lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ má fowó fún àwọn tó ní àwọn yóò bá yín wá dókítà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ wọ́n dáadáa. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe àwọn mẹ́ta tó lọ yẹn. Mátírọ́ọ̀nù ni kó pè wọ́n, kì í ṣe alága. Wọn yóò sọ òótọ́ fún un.