Àbúrò mi ní Kétu, wo wáyà kí o tó fọwọ́ kan rọ́bà

Àbúrò mi, o ní rọ́bà inú pọ́ǹpù tó ń fi ásíìdì sínú omi písíìnì ibùwọ̀ yín ti ń jò. O fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kí o máa pààrọ̀ rẹ̀ àti bí o ṣe máa ṣe é tí kò fi ní jó ọ lọ́wọ́. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n so wáyà pọ́ǹpù yẹn mọ́. Bí pọ́ǹpù ńlá tó ń ti omi gba inú fítírì bá dúró, ṣé ti ásíìdì ṣì lè máa ṣiṣẹ́? Bó bá lè ṣiṣẹ́, pa á lónìí yìí.

Níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ń tọ́jú písíìnì. Ọ̀gá tó ti Kútọnu wá gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀ ní ó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Pọ́ǹpù kékeré méjì ló fi sí i, ọ̀kan fún ásíìdì, ọ̀kan fún omi Javel, omi tó ní kilorín tí a fi ń pa kòkòrò inú omi. Iná yàrá ló so méjèèjì mọ́. Ibi tí ásíìdì ti ń wọ páìpù àti ibi tí Javel ti ń wọ̀ ọ́ kò jìnnà síra ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan iná lọ, ó sì padà dé. Pọ́ǹpù ńlá kò dìde mọ́, àwọn kékeré dìde. Omi dúró gbagidi nínú páìpù. Sọ́ǹdù tó ń wọn pH (iye tó ń sọ bí omi ṣe kan tó; ásíìdì ló ń mú un wálẹ̀) wà ṣáájú ibi tí ásíìdì ti ń wọlé, nítorí náà kò mọ̀ pé ásíìdì kankan dé. 7.8 ló ń kà ṣáá, pọ́ǹpù sì ń fi kún un títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ mo tan pọ́ǹpù ńlá. Omi hó kùtùkùtù níbi ihò tó ń dá omi padà sí písíìnì, èéfín kan tó pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gbẹ sì ń rá lórí omi. Ọmọkùnrin tó ń fi àwọ̀n kó ewé wà létí ibẹ̀ gan-an. Ó wúkọ́, ó fọwọ́ di ọrùn, ó jókòó sílẹ̀ lójijì. Mo sáré pa iná, mo gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, mo sì ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń fọn bíi fèrè. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní ilé ìwòsàn.

Bí ásíìdì bá pàdé Javel, gáàsì kilorín ló ń jáde, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń jẹ. Èmi ò mọ̀. Ọ̀gá Kútọnu mọ̀! Nígbà tí mo pè é, ó ní iléeṣẹ́ tó ń pèsè iná ni kí n lọ bá wí. Ẹni tí ìjọba ń rán wá wo ibùwọ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú: ó wo yàrá àlejò, ó wo ilé ìdáná, ó lu òǹtẹ̀, kò ní kí n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ rí. Inú ṣì ń bí mi.

Nítorí náà, wá oníná tó mọṣẹ́, kó so ó débi pé ti ásíìdì kò ní lè ṣiṣẹ́ láìsí pọ́ǹpù ńlá. Kó tún fi ohun tó ń mọ̀ pé omi ń ṣàn lóòótọ́ sí i, torí pọ́ǹpù ńlá lè máa kùn kó má gbé omi. Má sì kó ásíìdì àti Javel sí yàrá kan náà. Ní tèmi, èéfín ásíìdì mú kí àgádágodo ilẹ̀kùn dípẹtà títí kọ́kọ́rọ́ kò fi wọ̀ ọ́ mọ́.

Ó dáa, rọ́bà. Lọ́dọọdún ni mò ń pààrọ̀ tèmi. Bó bá sì ti pẹlẹbẹ níbi tí róólà tó ń yí nínú pọ́ǹpù ń tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ìgbà náà, mo yọ ọ́. Tìrẹ ti kọjá àkókò. Nígbà tí pọ́ǹpù ńlá ṣì ń ṣiṣẹ́, fa ẹnu túyò (páìpù kékeré tó ń fa ásíìdì wá sí pọ́ǹpù) kúrò nínú bídọ́ọ̀nù ásíìdì, tì í bọ omi mímọ́ nínú korobá oníke, kó fa á fún bí ìṣẹ́jú 10. Pa gbogbo iná, ti fáàfù, tú ti àtijọ́, fi tuntun sí i. Fi omi dán an wò kí o tó dá a padà sínú ásíìdì.

Ẹ̀kán ásíìdì tó ṣẹ́kù nínú túyò ló ń ṣeni léṣe. Mo rò pé omi ni, mi ò wọ ìbọ̀wọ́, ó ta sí ọrùn ọwọ́ òsì mi. Kò kọ́kọ́ dùn mí, ó kàn ń yún mi ni. Kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, awọ ibẹ̀ ti funfun, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní. Wọ ìbọ̀wọ́ tó dé ìgbọ̀nwọ́, jígí tó bo ojú yíká, aṣọ alápá gígùn. Bó bá ta sí ọ lójú, omi tó ń ṣàn ni kí o fi ṣan án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí o tó pe zémì (ọ̀kadà) lọ sílé ìwòsàn.

Bí o bá fẹ́ bu omi la ásíìdì, omi ni kí o kọ́kọ́ bù, kí o wá rọra da ásíìdì sí i. Má da omi lé ásíìdì láéláé, á hó, á sì ta. Má ra èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò omi mímu, ọmọdé lè gbé e mu.

Sọ́ǹdù náà: omi àkànṣe méjì tí pH wọn jẹ́ 7 àti 4 la fi ń tún kíkà rẹ̀ ṣe, má jẹ́ kó gbẹ. Máa fọwọ́ ara rẹ wọn omi písíìnì láràárọ̀, kí pH rẹ̀ wà láàárín 7.2 sí 7.6. Bí iye tí ẹ̀rọ ń kà bá jìnnà sí èyí tí o rí, pa pọ́ǹpù ásíìdì títí o fi mọ ìdí rẹ̀.

Kétu jìnnà sí Kútọnu, ra rọ́bà méjì pọ̀. Fi omi ṣan èyí tó bàjẹ́ dáadáa, mú un dání lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á kí wọ́n fi wọn tuntun, kí o sì sọ fún wọn pé ásíìdì lo ń fà, torí kì í ṣe gbogbo rọ́bà ló gbà á. Kọ ohun tí o bá rí lára wáyà yẹn sí mi.