Ojú kan ṣàdédé ṣú, wọ́n ní inú ẹ̀ mọ́

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 27, ń ránṣọ ní Iléṣà níbí. Láti bíi ọjọ́ mẹ́rin ni ojú ọ̀tún ẹ̀ ti ń ṣú, ó ń dùn ún tó bá ti yí ẹyinjú, ó tún ní òwú pupa ń dà bíi búráùn. Kẹ́mísì fún un ní dírọ́ọ̀pù, kò ṣiṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò wọ́n ní inú ojú mọ́, kò sí glaucoma (àìsàn tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fà). Ṣé ká ṣì máa wò ó ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má wò ó níran. Ọ̀rọ̀ òwú pupa yẹn gan-an ló ta mí létí. Ẹ ní kó fọwọ́ bo ojú kan kó wo òwú náà, kó tún bo ìkejì, tí pupa bá ṣá lójú kan ṣoṣo, tójú yẹn tún ń dùn tó bá ń yí i, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ló wú, optic neuritis là ń pè é. Pé inú ojú mọ́ ò yọ ọ́ sílẹ̀, torí ní bíi méjì nínú mẹ́ta wọn, ẹ̀yìn ẹyinjú níbi táwa ò lè rí ni wíwú yẹn wà. Tọ́ọ̀ṣì lásán ló máa ń tú u fó: tá a bá tàn án sójú tó dáa, ọmọlójú á kéré, ká sáré gbé e sí ìkejì, ṣe ni tibẹ̀ á máa fẹ̀.

Lónìí ni kẹ́ẹ gbé e lọ sí Wesley Guild tàbí Teaching Hospital n'Ífẹ̀. Wọ́n á wo ìfúnpá, ṣúgà, ikọ́ fée, HIV àti syphilis, lẹ́yìn náà methylprednisolone, oògùn steroid tó ń mú wíwú lọ sílẹ̀, 1 g lójúmọ́ nínú dírípù fún ọjọ́ 3 sí 5. Ẹ jọ̀ọ́, kí kẹ́mísì má lọ fún un ní prednisolone, steroid oníhóró, o! Èsì ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992 fi hàn pé èèyàn tó bá lo ìwọ̀n tá a sábà máa ń fúnni nínú èyí nìkan, àìsàn náà tètè ń padà wá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni NMO (neuromyelitis optica), àìsàn tí ara fúnra ẹ̀ fi ń gbógun ti iṣan ojú àti ọ̀pá ẹ̀yìn, obìnrin ló ń ṣe jù, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Ṣé òsúkè tàbí èébì tí ò dá dúró ti ṣe é rí? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ kú tipiri, àbí ìtọ̀ ò jáde dáadáa? Ẹ sọ fún dókítà. Ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún ìdánwò aquaporin-4 àti MOG (wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ohun tí ara fi ń gbógun ti iṣan yẹn wà nínú ẹ̀jẹ̀) kí dírípù tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí wọ́n má dúró de èsì kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀ o. Wọ́n tún lè ní kó ṣe MRI (àwòrán inú ọpọlọ àti iṣan ojú), mo mọ̀ pé owó ẹ̀ ò kéré. Tójú ò bá là lẹ́yìn dírípù, wọ́n lè fẹ̀rọ yọ omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n fi òmíì rọ́pò.

Tó bá jẹ́ NMO lóòótọ́, kó má torí pé ojú ti là kó sá fún oògùn, azathioprine tàbí rituximab ló máa ń dènà ìkọlù míì, ó sì máa ń pẹ́ lórí ẹ̀. Tó bá sì ti lo oògùn ikọ́ fée rí, ẹ mú páálí ẹ̀ dání, torí ethambutol náà máa ń ba iṣan yẹn jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú méjèèjì ló sábà máa ń mú, kì í sì í dùn.