Alájọ ń gba tiẹ̀, o ò pè é lólè

Ìtòkú ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá, níhìn-ín l'Abẹ́òkúta. Ó gùn, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Àdìrẹ ni mò ń tà. Oṣù méje sẹ́yìn ni báńkì mi fún mi ní overdraft 800,000 náírà, ìyẹn àyè láti yọ owó kọjá èyí tó wà nínú àkáǹtì mi, kí n fi ra aṣọ funfun àti aró sílẹ̀ de ọdún. Ọjà ò lọ bí mo ṣe rò. Àdìrẹ ayédèrú tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà ti gba oníbàárà mọ́ wa lọ́wọ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ nǹkan bí 21,700 náírà nínú àkáǹtì mi. Tí mo bá ro ó pọ̀, ó ti lé ní 150,000 tí wọ́n ti gbà, síbẹ̀ 800,000 yẹn ò yingin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún ti yọ 5,000 lọ́tọ̀, wọ́n ní mo kọjá ààlà. Èmi ò mọ ààlà tí mo kọjá. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní London ní olè ni wọ́n, pé lọ́dọ̀ àwọn, àwọn èèyàn gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà. Àbúrò mi obìnrin ní kí n pa àkáǹtì yẹn tì, kí n ju síìmù nù, kí n lọ bẹ̀rẹ̀ ní báńkì míì. Bàbá Ìbejì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ó rí alẹ́ẹ̀tì 5,000 lọ́jọ́ kan, mo ní owó káàdì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tí báńkì ń ṣe yìí dáa? Oorun ò kùn mí mọ́. Kódà àjọ 5,000 tí mò ń dá lójoojúmọ́ ò wù mí dá mọ́. Èmi ni, Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, kú ọjà o. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú lẹ́tà ẹ, tí ìwọ kàn sọ kọjá, òun ni mo kọ́kọ́ fa ìlà sí nídìí. Àjọ.

5,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 150,000 ni. Owó ọjọ́ kan ni ti alájọ. Á kó 145,000 fún ẹ níparí oṣù, á fi 5,000 sápò. Tí a bá pín in, náírà 33 ló ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan tó bá ẹ tọ́jú, owó tìẹ náà ni o. Báńkì ń gba 21,700 lóṣù lórí 800,000 tí kì í ṣe tìẹ. Ìyẹn jẹ́ náírà 27 lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣírò ẹ̀ kó tó dá mi lójú. Ẹni tó ń bá ẹ tọ́jú owó ń gbà ju ẹni tó yá ẹ lówó lọ, síbẹ̀ tí alájọ bá yọ sí ìsọ̀ ẹ láàárọ̀, àga lo máa fà fún un.

Kí ló fà á? O mọ iye tí alájọ máa mú kó o tó gbé owó fún un. Kò kọ ọ́ ní lẹ́tà tíntìntín sẹ́yìn ìwé kan tí o ò ní kà. Ohun tí èmi fi ń wọn ọ̀rọ̀ báńkì náà nìyẹn: ṣé wọ́n sọ ọ́ fún mi kí n tó fọwọ́ sí i, ṣé ohun tí mo sì jẹ ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀?

Nítorí náà, lọ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù méje yẹn, kó o wá báírò méjì, búlúù kan, pupa kan.

Búlúù ni kó o fi fa ìdí èlé. Overdraft ò dà bí owó tí wọ́n kà lé ẹ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì dá ọjọ́ fún ẹ láti máa san án díẹ̀díẹ̀. Àyè ni wọ́n fún ẹ pé kí àkáǹtì ẹ wọ inú gbèsè dé ibi kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á wo bí gbèsè náà ṣe jìn tó lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ṣírò èlé ọjọ́ kan lé e lórí, bó bá wá di òpin oṣù wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n á yọ ọ́. 21,700 lórí 800,000 ń lọ sí bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn 723 náírà lóòjọ́, òjò rọ̀, oòrùn ràn, ọjà tà, ọjà ò tà. Òun ni kò fi yingin: èlé nìkan lò ń san, o ò tíì kan ojú owó.

Ó wọ́n, mi ò jiyàn. Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, fúnra ẹ̀ gbé òdiwọ̀n èlé tiẹ̀ láti ìdá 11.5 tó wà níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 lọ sí 27.50 nígbà tó fi máa di November 2024, orí ìyẹn sì ni àwọn báńkì ń gbé tiwọn lé. Ọ̀wọ́n ni, olè kọ́. Ṣùgbọ́n yẹ ìwé tí o fọwọ́ sí wò. Bí iye tó wà níbẹ̀ bá kéré sí 33, tí wọn ò sì fi tó ẹ létí pé àwọn ti fi kún un, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Wàá tún rí owó kéékèèké kan tí wọ́n pè ní "account maintenance". Kò kan overdraft. Náírà kan ni lórí ẹgbẹ̀rún kan tó bá jáde lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì láti inú kọ́rẹ́ǹtì àkáǹtì. Òun ló rọ́pò COT, owó tí báńkì máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lórí owó tó bá jáde nínú kọ́rẹ́ǹtì, tí wọ́n pa rẹ́ lọ́dún 2016, àwa tá a sì ṣòwò láyé COT ò ní pariwo lórí náírà kan. Fò ó.

Ó wá ku báírò pupa. 5,000 mẹ́ta yẹn, wo déètì wọn. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ẹ̀yìn tí wọ́n yọ èlé ni wọ́n ń bọ́ sí. Kà á bí mo ṣe ń kà á: ká ní gbèsè ẹ wà ní 795,000, o ò tíì kọjá 800,000 tí wọ́n fún ẹ. Ilẹ̀ oṣù ṣú, báńkì fọwọ́ ara ẹ̀ yọ 21,700. Gbèsè di 816,700. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní o kọjá ààlà, ó di 5,000. Wọ́n tì ẹ́ sí kòtò, wọ́n tún gba owó kòtò lọ́wọ́ ẹ. Èyí ni mo pè ní ìrẹ́jẹ, mi ò sì ní fi omi là á.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí, ní báńkì kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo gbé sítétímẹ́ǹtì lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń rùn fún lọ́fínńdà. Ó wò ó títí, ó ní, "Sístẹ̀ẹ̀mù ló yọ ọ́, mà." Mo ní kó bá mi pe sístẹ̀ẹ̀mù jáde kí n bá a sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pààrà ibẹ̀ kí wọ́n tó dá owó mi padà.

Ìwọ má pààrà kankan. CBN ní ìwé kan tó to gbogbo owó tí báńkì lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2020. Owó tí kò bá sí nínú ẹ̀, báńkì ò gbọdọ̀ gbà á láìjẹ́ pé CBN fọwọ́ sí i ní kíkọ sílẹ̀. Kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí máníjà, bi í léèrè ohun kan ṣoṣo: ìlà wo nínú ìwé yẹn ló ní kí ẹ gba 5,000 yìí lọ́wọ́ mi nígbà tó jẹ́ èlé tiyín ló tì mí kọjá ààlà? Kọ déètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣe é ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa kù sọ́wọ́ ẹ. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Wọ́n ní ọ́fíìsì nínú Abẹ́òkúta yìí náà.

Àbúrò ẹ tó wà ní London sọ òótọ́ tó dé ìdajì. Nígbà kan, àwọn báńkì ibẹ̀ dá irú owó ìjìyà bẹ́ẹ̀ padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ní November 2009, kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ dá báńkì láre. April 2020 ni àwọn alámòójútó wọn tó sọ pé kò gbọdọ̀ sí owó ìjìyà tó jẹ́ iye kan pàtó mọ́, èlé nìkan ni kí báńkì máa gbà. Èlé náà wá fò sókè, ọ̀pọ̀ báńkì ń gba nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò síbi tí overdraft ti pọ́ọ́kú. Kóòtù Ìsábọ̀ níhìn-ín ò sì ní fi òfin London dájọ́ fún ẹ.

Àbúrò ẹ obìnrin ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé BVN wà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì ẹ ní báńkì gbogbo pọ̀? Láyé àwọn bàbá wa, ológò ló máa ń wá dógò ti onígbèsè nílé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bú u, èèyàn ṣì lè gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde. Ológò ti ìsinsìnyí ò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹnì kankan. Láti ọdún 2020 ni CBN ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI: bó o bá ti fọwọ́ sí i nígbà tí ò ń yáwó, báńkì lè nawọ́ mú owó ẹ nínú àkáǹtì tó o ní ní báńkì míì. Kó o sì wò ó o, ojú owó àti èlé nìkan ni òfin ní kí wọ́n fi gbà, kì í ṣe owó ìjìyà. CBN alára mọ̀ pé méjèèjì yàtọ̀.

Wàyí o, àjọ. Jẹ́ kí ti oṣù yìí parí, gba owó ẹ, kó gbogbo ẹ̀ sínú àkáǹtì onígbèsè yẹn, kó o sì kí alájọ pé ó dìgbà kan ná. 5,000 òòjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni kó máa lọ báyìí. Ọjọ́ ọjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, 130,000 nìyẹn, èlé á sì máa fò wálẹ̀ nítorí gbèsè ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wò. Nǹkan bí oṣù méje, o ti bọ́. Má tún wọ ibẹ̀ lọ yọ owó. Bó bá ṣòro fún ẹ láti kó ọwọ́ ẹ ró, ní kí báńkì pa overdraft náà dà sí ẹ̀yáwó tí wàá máa san iye kan lóṣooṣù.

Overdraft dára fún ẹni tí oníbàárà máa sanwó fún lọ́jọ́ mẹ́wàá òní. Aṣọ tó ń sùn lórí pẹpẹ kọ́ ló wà fún. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ á ṣoni. Àwọn àdìrẹ alábẹ́rẹ àti ẹlẹ́kọ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, tí àwọ̀ wọn ò wu ẹnì kankan, tà wọ́n ní iye tó o rà wọ́n, kódà kó dín díẹ̀.

Ó wá ku Bàbá Ìbejì. Owó káàdì kẹ̀? Náírà 50 ni owó káàdì lóṣù mẹ́ta, sáfíǹsì ló sì ń san án, kọ́rẹ́ǹtì kì í san. Ọkùnrin tó bá rí alẹ́ẹ̀tì 5,000, tí wọ́n ní owó káàdì ni, tó sì dákẹ́, ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ó ń dúró dè ẹ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ìbejì bá ti sùn, tẹ́ sítétímẹ́ǹtì yẹn sórí tábìlì. Má bẹ̀rẹ̀ látorí 5,000 o. Orí 800,000 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o sì gbé báírò búlúù fún un kó fúnra ẹ̀ fà á.