Ọmọ odó mẹ́ta, odó kan

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ Ìjùmú ni mí, Èkó ni mo ń gbé. Lọ́jọ́ ọdún iṣu titun nílùú wa, ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta máa ń jọ gún iyán nínú odó kan, wọ́n á sì wo àwọn tí iyán wọn kúnná jù. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ odó èmi àtàwọn àbúrò mi ń kọlu ara wọn ṣáá, iyán wa sì kún fún kókó. Báwo la ó ṣe ṣe é lọ́tẹ̀ yìí?

ÈSÌ: Òkun o. Inú ìkòkò ni kókó ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Iṣu titun lómi nínú ju iṣu èṣí lọ, ìdí rẹ̀ ló sì lómi jù. Ẹ fi ìdí sílẹ̀ fún àsáró, orí àti àárín ni kí ẹ gún. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kó dọ́gba, torí èyí tó bá nípọn jù kò ní í jinná dénú, òun ni yóò di kókó. Bó bá lo bí ìṣẹ́jú 25 sí 30 lórí iná, ẹ fi ọ̀bẹ gún un wò. Ẹ má da omi rẹ̀ nù.

Ẹ fi omi gbígbóná ṣan odó. Odó tútù a máa fa ooru iṣu, iṣu tó bá sì ti tutù kì í fà mọ́. Ẹ má kó o kọjá ìdajì odó.

Ẹnì kan ni kó kọ́kọ́ tẹ iṣu náà rún, láìgbé ọmọ odó sókè, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò máa ta síta. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró bí ààrò mẹ́ta. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti ń gòkè, ti ìkejì ń bọ̀ wálẹ̀, ti ìkẹta wà lókè: gbì, gbì, gbì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í yára jù ni kó ṣíwájú. Kí ọmọ odó má kọjá àyà. Ẹni tó fẹ́ kí èrò ìwòran rí agbára òun ló ń gbé e ga jù. Tirẹ̀ á pẹ́ kó tó balẹ̀, ti ẹni tó tẹ̀ lé e á sì bá a lọ́nà. Ẹni tó bá rẹ̀ kò gbọdọ̀ dẹ ọwọ́. Kó ké “ó tó!”, kó fa tirẹ̀ sẹ́yìn, kí àwọn méjì máa bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ odó láti yí iyán, àfi bí ọmọ odó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà nílẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn ìdíje kankan tó tó fi ìka kan dí.

Omi ńkọ́? Ìgbà tí kókó bá tán pátápátá ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta omi iṣu gbígbóná sí i, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ta á ṣáájú, kókó á máa yọ̀ lábẹ́ ọmọ odó. Iṣu titun mìíràn ò tiẹ̀ nílò omi rárá.

Iṣu èṣí ni kí ẹ fi dánra wò, torí ní ọ̀pọ̀ ìlú a kì í jẹ titun kí àwọn àgbà tó ṣe ètùtù. Ṣùgbọ́n èṣí máa ń gba omi jù. Ẹ má gbé ìwọ̀n omi yẹn dé orí pápá.