Àyà mi máa ń já bí ìdánwò bá ti ń bọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún 21 ni mí, yunifásítì FUTA ni mo wà níbí ní Àkúrẹ́. Bí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, àyà mi á máa já, mi ò ní rí oorun sùn, màá sì máa kanra mọ́ ẹni tá a jọ ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa ṣe mindfulness, ìyẹn fífi ọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Mo jókòó, mo dijú, mo ní mi ò ní ro nǹkan kan, ni ìrònú bá tún pọ̀ sí i. Ìyá mi sì ní ẹ̀sìn mìíràn ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, "mi ò ní ro nǹkan kan" yẹn ló bà á jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó dákẹ́. Kó o mọ ìgbà tó rìn lọ, kó o sì rọra pè é padà láì bú ara rẹ, ohun tí à ń kọ́ nìyẹn. Bó rìn lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, pè é padà lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Má tíì fi ìjókòó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí wàá fọ̀ ní Sátidé ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Fi fóònù sílẹ̀ nínú yàrá. Jẹ́ kí omi tutù kàn ọ́ lọ́wọ́, kó o mọ̀ ọ́n lára. Wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì níbi tí ìdọ̀tí ti dì, bí ọṣẹ ṣe ń hó lé e. Èrò á dé: "Bí mo bá fìdí rẹmi ńkọ́?" Sọ nínú ara rẹ pé, "Ìpayà ti dé," kó o padà sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Má bá a jà, má sì bá a lọ.

Tí àyà bá ń já gan-an, mí sínú kó o kà dé 4, mí síta kó o kà dé 6, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí a bá ń mí síta ni lílù ọkàn máa ń dẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó gùn ju ti inú lọ. Ní ti ìkanra, ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́: eyín á fún pọ̀, èjìká á gbéra sókè. Tó o bá ti rí i, mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó o tó lanu.

Sọ òótọ́ fún màmá. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni gbòǹgbò mindfulness ti wá, ṣùgbọ́n láti 1979 tí ọ̀jọ̀gbọ́n Jon Kabat-Zinn ti mú un wọ ilé ìwòsàn ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tó wá di ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò sí pé à ń bọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022, wọ́n pín àgbàlagbà 276 tó ní àìsàn àníyàn sí méjì. Ẹ̀kọ́ yìí ṣiṣẹ́ fún apá kan tó bí oògùn àníyàn tó ń jẹ́ escitalopram ṣe ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ẹni tó ń lo oògùn kò gbọdọ̀ tìtorí èyí já a sílẹ̀ o.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo wí, nítorí náà má dúró di ìgbà ìdánwò. Tí dídijú bá ń mú ohun burúkú àtijọ́ wá sí ọ lójú, lajú, kó o fi í sílẹ̀. Tí oorun bá kọ̀ tí kò wá, tí oúnjẹ ò wọlé, tàbí tí ó bá ń ṣe ọ́ bí ẹni pé ikú yá, má jókòó ti èémí mímí: lọ sí ilé ìwòsàn inú ọgbà yín tàbí ti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, lọ́jọ́ náà, kí ẹnì kan sì bá ọ lọ.